Má Gba Kírẹ́yọ́nù Lọ́wọ́ Ọmọ

Àbúrò mi, ilé ìwé ti fẹ́ gba ìsinmi ọdún, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀ nílé rẹ. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á ti máa sunkún, ìwọ náà á sì wà nídìí ata tí o fẹ́ lọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi máa ń ṣe fún ọ. Kì í náni lówó gidi. Bébà ni, kírẹ́yọ́nù, àti àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò ṣóńṣó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o dì mú ṣinṣin: ọmọ ló ni iṣẹ́ náà. Tí ọmọ ọdún mẹ́rin bá kun màlúù ní búlúù, ọwọ́ á máa yún ọ láti gba kírẹ́yọ́nù kó o fi bó ṣe yẹ kó rí hàn án. Má gbà á. Jókòó lé ọwọ́ rẹ tó bá gba bẹ́ẹ̀. Tí o bá fi lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ á rọra dìde padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, ìwọ nìkan ni wàá kù síbẹ̀, tí wàá máa kun àwòrán bí ẹni tí tíṣà fún níṣẹ́ àṣetiléwá.

Àwọn ìwé àwòrán Kérésìmesì tí wọ́n ń tà lọ́jà, yìnyín ló kún inú wọn: ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n nínú aṣọ òtútù, ẹranko oníwo tó ń wọ́ ọkọ̀ lórí yìnyín. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa kò rí yìnyín rí àfi èyí tó dì sínú fíríìjì. (Tó bá jẹ́ Chicago lo wà, ya yìnyín rẹ o jàre, àwọn ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n.) Ní tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń yà á, n kò sì mọ àwòrán yà. Màkà dúdú ni kó o lò, kó o fi fa ìlà tó nípọn sí ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí. Ya ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí, àgùntàn mélòó kan, ìràwọ̀ ńlá lókè. Lẹ́yìn náà, ya ilé tiyín: ìyá àgbà nídìí agbada, àti àkùkọ tó ti gbọ́ pé ọdún dé tó wá ń wá ọ̀nà sá lọ. Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì, kí wọ́n ṣe é lọ́nà mẹ́wàá. Àkùkọ yẹn ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ kùn, mo ti sọ fún ọ.

Ní ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n á fi lẹ bébà, èyí tí a ń rà kì í tó ọmọ méjì lò dé alẹ́. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tàbí ògì funfun tó wà nílé á ṣe é. Po ṣíbí méjì mọ́ omi tútù díẹ̀ títí kò fi ní ní kókó mọ́, kó o wá máa da omi tó ń hó lé e díẹ̀díẹ̀, kó o máa rò ó bí ìgbà tí o ń po ẹ̀kọ mímu, títí á fi ki. Ìwọ ni kó o ṣe èyí, kì í ṣe ọmọ. Tó bá ti tutù, á lẹ bébà pinpin. Má po púpọ̀, nítorí tó bá di ọjọ́ kejì, á ti fẹ́ máa kan. Ọyẹ́ tó sì ń fẹ́ lákòókò yìí á bá ọ mú un gbẹ kíá. Ọyẹ́ yìí kan náà ló ń mú kí màkà tí ọmọ kò bá dé lórí gbẹ, nítorí náà máa ké sí wọn kí wọ́n dé e.

Iṣẹ́ tí gbogbo wọn lè jọ ṣe ni ẹ̀wọ̀n bébà. Fi irúlà pín bébà A4 sí ọ̀já tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, kó o gé e gba ìbú. Ọ̀já 9 ni wàá rí nínú bébà kan. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni kó kun ọ̀já, kí àgbà máa gé, kí ti àárín máa lẹ̀. Ká ọ̀já kan sí òrùka, lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ki èkejì bọ inú rẹ̀ kó o tó lẹ òun náà. Òrùka 40 á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, bébà márùn-ún ló sì máa gbà. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ń lọ máa ń dára fún un gan-an, bébà rẹ̀ ń dán. Ọmọ tó bá sì ń bi ọ́ lójoojúmọ́ pé ọjọ́ mélòó ló kù, ṣe ẹ̀wọ̀n olórùka 24 fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, kó máa já òrùka kan lálaalẹ́. Á fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé bébà kọ́ sítòsí àbẹ́là tàbí ẹnu jẹnẹrétọ̀ o.

Ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́jọ mọ bí wọ́n ṣe ń fi bébà hun ẹní nílé ìwé. Fún irú rẹ̀ ní ọkàn híhun àwọn ará Denmark: bébà àwọ̀ méjì tí a ká sí méjì, tí a gé ẹnu rẹ̀ roboto, tí a sì là láti ibi tí a ti ká a, tí a wá ń ki ọ̀já ọ̀kan bọ inú ti èkejì bí a ṣe ń hun ẹní. Ẹnu rẹ̀ máa ń ṣí bí àpò, ó sì lè gba súìtì. Hans Christian Andersen, ẹni tó kọ àwọn àlọ́ ọmọdé, ṣe irú rẹ̀ kan ní nǹkan bí ọdún 1860, ó ṣì wà títí di òní.

Káàdì ló kù. Tẹ́ ọwọ́ ọmọ sórí bébà aláwọ̀ ewé, fa ìlà yí i ká, gé e. Tí o bá gé mẹ́fà, tí o tò wọ́n léra kí ìka dojú kọ ilẹ̀, ó ti di igi Kérésìmesì nìyẹn. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ kádíbọ́ọ̀dù tí a ká sí méjì, kí o sì kọ ọdún sẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọwọ́ yẹn kò ní kéré bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Má dààmú pé kò rí bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, èyí tí Henry Cole ní kí John Callcott Horsley yà fún òun ní London lọ́dún 1843, àwọn èèyàn bínú sí i, torí ó ya ọmọdé tó ń mu wáìnì pẹ̀lú àwọn àgbà sínú rẹ̀.

Jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé káàdì náà fún bàbá àgbà. Bàbá á wò ó, á yí i sọ́tùn-ún sósì, á ní kí lèyí. Má bá ọmọ dáhùn.