Ojú Tí Ń Ṣòfófó Etí

Kataráàtì lójú baba ẹni àádọ́rin ọdún kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló ní in, àgbà oníṣègùn ojú kì í kánjú mú ọ̀bẹ. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ lè ya aláìsàn lẹ́nu: “Ṣé nǹkan ń hó létí rẹ?”

Àìsàn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní NF2 ló ń wá. Jíìnì tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì níjàánu, tí wọ́n rí lórí kúrómósóòmù 22 ní ọdún 1993, ló bàjẹ́. Kókó a wá hù sára iṣan ìgbọ́ràn lọ́tùn-ún lósì. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń sọni di adití. Ní 1930, Gardner àti Frazier kọ̀wé nípa ìdílé kan ní Amẹ́ríkà: ìran márùn-ún, adití 38.

Ojú a máa tú àṣírí rẹ̀ kí etí tó di. Ẹ̀yìn awò inú ẹyinjú ló ń ṣú, kataráàtì náà nìyẹn, ó sì ju ìdajì àwọn tó ní NF2 lọ tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ó lè kéré débi pé ọmọ náà ṣì ń kàwé geerege. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ dókítà kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀, kí ó tó gbé ojú sí ẹ̀rọ slit lamp. Ọ̀lẹ ló ń fo èyí.

Kí ó má sì torí àmì kan ṣoṣo dẹ́rù ba ìyá ọmọ. Oògùn ojú onísìtẹ́rọ́ìdì tí wọ́n rà láìgba ìwé dókítà lè mú ẹ̀yìn awò ṣú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́; ìtọ̀ ṣúgà àti ìfarapa náà lè ba awò jẹ́. Kí ó béèrè gbogbo rẹ̀, kí ó wo awọ ara bóyá kókó wà níbẹ̀, kí ó sì béèrè nípa òòyì. “Kò sí i nílé wa” kò tó láti pa ẹjọ́ dé: nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní NF2, kò sí òbí tó ní in.

Ẹni tí etí rẹ̀ máa di, ojú ni yóò fi máa ka ètè àti ìka. Iṣẹ́ abẹ kókó etí sì lè pa iṣan ojú lára, kí ìpéǹpéjú má lè pàdé mọ́, kí ẹyinjú gbẹ. Bí àmì bá ti pé, kí dókítà kọ lẹ́tà àyẹ̀wò MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, lọ́jọ́ náà, kí ó sì ní kí wọ́n mú àwọn àbúrò ọmọ náà wá.