Awọ Ara Ń Sọ̀rọ̀, Ẹ̀jẹ̀ Ní Ń Jẹ́rìí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìrèsà-Adú, Ìrèsà-Apá àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, ẹ kò ní ṣàìrí aláìsàn tó máa ń họra wọlé, tí yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ara ń yún mi, ẹ bá mi wá nǹkan sí i." Ọ̀pọ̀ yín á kàn fún un ní ìpara, ẹ ó ní kó máa lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ara yíyún bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì àrùn kògbóògùn, tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ní Nàìjíríà ní ọdún 1986. HIV tó ń fà á kì í bá awọ ara jà ní tààrà. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CD4 ló ń wọ̀, àwọn wọ̀nyí sì ni olórí ẹ̀ṣọ́ tó ń darí àwọn yòókù láti lé àrùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún láìsí ìtọ́jú, wọ́n á máa dínkù. Àrùn tí ara ti ń kápá tẹ́lẹ̀ á wá ráyè, ara á sì tún máa ṣe àṣejù sí ohun kékeré. Awọ ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí yìí.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn bọ́ aṣọ ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti wọlé dáadáa. Ẹ má retí pupa tí ẹ rí nínú ìwé òyìnbó. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè jọ àlùkò. Ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì wo inú ẹnu àti èékánná.

Àmì àkọ́kọ́ nìyí: bí kókó kéékèèké bá sú sí apá méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń yún gidi, tí kò sí ní àtẹ́lẹwọ́, tí ojú ibi tó ti jinná sì dúdú, ẹ fura. Ní Ùgáńdà, àwọn dókítà gé díẹ̀ nínú awọ irú aláìsàn báyìí wò. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2004 fi hàn pé ohun tí wọ́n rí jọ ojú ibi tí kòkòrò ti jẹni: ara tí HIV ti dà láàmú ló ń bínú kọjá ààlà sí i. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó jọ ọ́. Kúrúnà a máa wà láàrin ìka ọwọ́, òru ló ń yún jù, tilé-toko ló sì ń họ ọ́ pọ̀. Ẹni tó ń dáko létí odò tí kantíkantí pọ̀ sí lè ní àrùn tí kantíkantí ń kó ranni, tó ń mú ara yún, tó sì lè fọ́ni lójú.

Èkejì ni èéwo olómi tó tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ara nìkan, tó ń ta, tó ń jóni, tí kò ré kọjá àárín ara. Àrùn ṣíkínpọ́ọ̀sì tí èèyàn ti ṣe nígbà èwe, tó fara pamọ́ sínú iṣan, ló tún jí dìde. Bó bá jẹ́ arúgbó, ọjọ́ orí lè fà á. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta ni làpálàpá tó bo ara tí kò gbọ́ oògùn, tí ohun funfun sì bo ahọ́n. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ àlùkò ní òkè ẹnu tàbí lẹ́sẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ rí dókítà.

HIV nìkan kọ́ ló ń gbé inú ẹ̀ṣọ́ ara. Kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HTLV-1, tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kéde ní 1980. Ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ sì lè kó o nínú ọmú ìyá. Ní Jàmáíkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn awọ ara ọmọdé kan ní 1966. Ní 1990 ni wọ́n tó mọ̀ pé HTLV-1 ló wà nídìí rẹ̀. Orí, ẹ̀yìn etí àti ihò imú ọmọ náà á máa ṣomi, á máa sé èépá. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, á lọ, á tún padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìpara lásán. Dókítà awọ ara ni kó rí i.

Ẹ bi aláìsàn léèrè oògùn tó ń lò pẹ̀lú. Septrin àti nevirapine lè mú ara sú. Bí ibà bá bá a rìn, tí ẹnu bó, tí ojú pọ́n, tí awọ ń ṣí, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ojú kì í dájọ́ HIV. Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ sú tí kò ní in, mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ ń dán tó ní in. Awọ ara ń mú ni fura ni, ẹ̀jẹ̀ ní ń jẹ́rìí. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ìyá oníyàá pé, "Ó jọ pé ẹ ní nǹkan yẹn." Ẹ sọ pé, "Ìyá, gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá sú báyìí ni à ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká yẹ tiyín náà wò." Bó bá gbà, ẹ ṣe é. Ìdánwò kan ṣoṣo tó bá fi HIV hàn kò tó. Ẹ tẹ̀lé ètò ìdánwò títí dé òpin kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí kò bá sì fi nǹkan hàn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara kan ewu, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ pa àṣírí aláìsàn mọ́: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní Ìrèsà, ta ni kò mọ ta ni? Nígbà tí olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn kògbóògùn ló pa á. Ẹbí ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, wọ́n sì fi la ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Òṣìṣẹ́ ìlera kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 2014 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti ka yíyan ẹni tó ní HIV lódì léèwọ̀.

Bí aláìsàn bá ti dé ọ̀dọ̀ onísègùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má bá a wí. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n fún un, torí àgúnmu àti ìpara lè yí bí awọ ṣe rí padà. Ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì náà ń bo làpálàpá mọ́lẹ̀, kì í wò ó.

Ẹni tí ìdánwò bá fi HIV hàn lára rẹ̀, ẹ má fi ìwé lé e lọ́wọ́ nìkan. Ẹ pe ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá a mú ọjọ́ tí yóò lọ. Ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV. Ẹ sọ fún un pé ara lè má dá lọ́sẹ̀ kan, ó lè tó oṣù mélòó kan, kó má bàa dá oògùn dúró. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn déédéé, tí ìdánwò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè é.