Kí Ẹ Tó Fi Bàálù Yí Ayé Po

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a óò rí abuké erin. Ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà tó pa òwe yìí fi ń rìn. Lóde òní, bàálù ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ wọn tó nǹkan ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston sì ti ń sọ pé Dubai ti sú àwọn, àwọn fẹ́ yí ayé po, kí àwọn sì ya àwọn ibi tí ènìyàn kì í sábàá yà. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé abuké erin wà lóòótọ́, àmọ́ bàálù tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í gbéra lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ètò ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, Lọ́ńdọ̀nù sí New York, tí wọ́n á wá máa wá àyè tí wọ́n máa ki erékùṣù kékeré kan bọ̀. Ìdí ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tó bá wù yín lẹ máa rí bàálù wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọ̀gá. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá ọjọ́ fún, kí gbogbo èyí tó kù wá máa tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú Saint Helena, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì tó dá wà láàárín agbami Àtìláńtíìkì, níbi tí wọ́n fi Napoleon sí títí tó fi kú ní 1821. Títí di ọdún 2017, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń ná an, bí ọjọ́ márùn-ún ló sì ń lò láti Cape Town. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná 285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sórí pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ tán ní 2016, ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé atẹ́gùn orí àpáta ibẹ̀ máa ń yí padà lójijì bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2017 kí iléeṣẹ́ Airlink tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Embraer, tí kò tóbi púpọ̀, kó èrò lọ síbẹ̀ láti Johannesburg. Bàálù náà a kọ́kọ́ yà ní Walvis Bay, ní Nàmíbíà, láti rọ epo. Epo tó máa gbé e dé erékùṣù náà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní èyí tó máa gbé e padà bí atẹ́gùn bá kọ̀ tí kò jẹ́ kó balẹ̀. Atẹ́gùn sì máa ń kọ̀ lóòótọ́. Ní ìgbà tó pọ̀ jù nínú ọdún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni bàálù yìí ń lọ. Ẹni tó bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì Johannesburg sí São Paulo sí ọjọ́ kejì ọjọ́ tó yẹ kó ti Saint Helena dé, tẹ́tẹ́ ló fi owó rẹ̀ ta.

(Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn lọ wo ilé Napoleon kí ẹ sì máa bọ̀. Ẹ ya àfonífojì Rupert's Valley. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lẹ́yìn 1840 ni wọ́n sin síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n hú egungun púpọ̀ nínú wọn jáde.)

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ tí mò ń wí níbí kò ju ọjọ́ tó ṣófo lọ. Bí ẹ bá ti ibi tí bàálù ti ṣọ̀wọ́n bọ̀, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù tó kàn. Bí ti àkọ́kọ́ bá dé lásìkò, ẹ sùn dáadáa, ẹ fọ aṣọ, ẹ wá oúnjẹ gidi jẹ. Bí kò bá dé, ọjọ́ wọ̀nyẹn ló máa gbà yín sílẹ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò mọ ara wọn rí. Iléeṣẹ́ kejì á ní ẹ kò yọjú, wọ́n á sì fagi lé gbogbo ìyókù tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá jẹ́ orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni bàálù méjèèjì wà, àwọn fúnra wọn ló máa wá òmíràn fún yín. Awakọ̀ òfuurufú gan-an kì í bá ojú ọjọ́ fa wàhálà. Ademilola Odujinrin, ọmọ wa tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dá wa bàálù yí ayé po ní 2017, Cirrus SR22 ló fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì kan péré ni bàálù náà sì ní. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sórí òkun mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de atẹ́gùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó fẹ́ yí ayé po. Àwọn ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bíi Star Alliance àti oneworld ló ń tà á. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá ti gbéra lẹ máa parí rẹ̀ sí. Apá kan náà lẹ máa kọjú sí, bóyá ìwọ̀-oòrùn tàbí ìlà-oòrùn. Ẹ máa sọdá Àtìláńtíìkì, ẹ máa sọdá Pàsífíìkì, bàálù tí ẹ máa wọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 16 lọ. Ọdún kan gbáko lẹ lè fi lò ó. Irú kan ń ka máìlì, irú kejì ń ka iye kọ́ńtínẹ́ǹtì tí ẹ bá tẹ̀. Iye owó rẹ̀ kì í dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí náà ẹni tó bá ní ẹbí ní Johannesburg tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kó wádìí iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ kó tó san ti Èkó.

Tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa ni, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ àwọn tó ń tà á kì í sáré sọ fún yín pé ibi tó jìnnà jù kì í sí lórí rẹ̀. Airlink tó ń lọ Saint Helena kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì. LATAM ló ń gbé èrò láti Santiago lọ sí Rapa Nui, erékùṣù tí Òyìnbó ń pè ní Easter. Ó ti kúrò nínú oneworld láti 2020. SAS, ọ̀kan lára àwọn tó ń ná Svalbard lókè Norway, fi Star Alliance sílẹ̀ lọ sí SkyTeam ní 2024. Ẹ máa ní láti ra àwọn yẹn lọ́tọ̀, ẹ ó sì so wọ́n mọ́ ìlú tí tíkẹ́ẹ̀tì ńlá máa gbé yín dé. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì Star Alliance tó sì wù mí jù ni bàálù United tó ń ti Honolulu lọ sí Guam. Kì í fò tààrà. Majuro, Kwajalein, Kosrae, Pohnpei, Chuuk: bó ṣe ń bà lé erékùṣù kan ló ń gbéra lọ sí òmíràn, títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú. Mẹkáníìkì máa ń wà nínú bàálù náà pẹ̀lú èrò, ó sì ń gbé irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ara bàálù dání, torí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ ní Kosrae, kò sí ẹni tí wọ́n máa pè. Àgọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni Kwajalein. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ, orí ìjókòó rẹ̀ ló máa wà títí wọ́n á fi tún gbéra. Bí ẹ bá fi òwúrọ̀ Mọ́ńdè kúrò ní Honolulu, ọjọ́ Túsìdeè lẹ máa balẹ̀ sí Majuro. Ẹ má fi ọjọ́ Honolulu gba òtẹ́ẹ̀lì Majuro o! Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí kì í ṣe eré ní Pàsífíìkì. Orílẹ̀-èdè Samoa fo 30 oṣù Kejìlá ọdún 2011 pátápátá, ọjọ́ yẹn kò sí nínú kàlẹ́ńdà wọn. Láti Apia, olú ìlú rẹ̀, sí Pago Pago ní Samoa ti Amẹ́ríkà kò tó wákàtí kan nínú bàálù, síbẹ̀ odindi ọjọ́ kan ló wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ físà ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè fo ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà aláwọ̀ ewé tiwa kò gbọdọ̀ fò ó. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ibi tó jìnnà gan-an kì í sábàá jẹ́ ibi tó le. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló ń le. Pohnpei àti Chuuk wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Micronesia, tí kì í béèrè físà lọ́wọ́ àlejò tí kò bá ní lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Àmọ́ Honolulu àti Guam jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà kì í sì í gbà kí ẹni tó nílò físà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá láìní in, kódà bó jẹ́ wákàtí méjì péré ló fẹ́ lò níbẹ̀. Láti 2025 ni wọ́n sì ti tún mú òfin físà le sí i fún ọmọ Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ má sunkún, Pàsífíìkì fẹ̀: Qantas ń fò láti Santiago sí Sydney, ó sì wà nínú oneworld. Ẹ ó kàn wá físà Australia dípò rẹ̀.

Svalbard tún ní àrékérekè tirẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1920 kò jẹ́ kí wọ́n máa béèrè físà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Oslo lẹ máa gbà lọ, Oslo sì wà nínú Schengen. Svalbard kò sí nínú Schengen. Bí ẹ bá ti gbéra ní Oslo, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn. Bí ẹ bá ń padà, ẹ tún ń wọlé lákọ̀tun. Físà àwọ̀lé-ẹ̀ẹ̀kan á há yín mọ́ ibi tí béárì funfun pọ̀ sí. Ẹ béèrè èyí tó lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sì rántí pé pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo lẹ ní: bó bá wà ní ẹ́ńbásì Norway, kò lè wà ní ti Chile, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Kó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí pásípọ́ọ̀tù náà tó parí lọ́jọ́ tí ẹ máa padà sílé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, kí ojú ìwé tó ṣófo sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Rapa Nui fúnra rẹ̀ ní òfin tó yàtọ̀ sí ti Chile. Ó ju 3,500 kìlómítà lọ sí etíkun Chile, pápákọ̀ òfuurufú kan ló ní, ojú ọ̀nà bàálù ibẹ̀ sì gùn débi pé wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà kan fún ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Amẹ́ríkà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa fi tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ hàn, ẹ máa fi hàn pé ilé tí ẹ fẹ́ sùn wà nínú ìwé ìjọba tàbí pé ọmọ ìlú náà kan ló pè yín. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ilẹ̀ wọn ṣeré. Nígbà kòrónà, láti oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò, ó sì di oṣù Kẹjọ 2022 kí wọ́n tó ṣí i.

Ní ti àsìkò, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni ìjì líle máa ń jà ní gúúsù Pàsífíìkì. Ní Svalbard, oòrùn kì í wọ̀ láti ìparí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó lẹ́yìn Àjíǹde, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, á bá ojú ọjọ́ rere níbi tó pọ̀. Ìwọ̀-oòrùn sì rọ ara lọ́rùn ju ìlà-oòrùn lọ, torí pé ọjọ́ ń gùn sí i, kì í kúrú.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra; láti oṣù Keje 2016 ni káàdì rẹ̀ ti ń lò títí ayé. Gààrí, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ àti ẹran gbígbẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan kò lè rìn láìgbé e. Ní New Zealand, ẹni tí kò bá kọ oúnjẹ tó gbé dání sórí fọ́ọ̀mù á san 400 dọ́là ti ilẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́, ohun tó burú jù tí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́.

Àwọn kan á san owó ńlá lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá máa dúnàá-dúrà lórí ìwé adójútòfò bíi pé ata ni wọ́n ń rà. A kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Saint Helena kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ wọlé láìní ìwé adójútòfò ìlera tó máa san owó bàálù tó bá gbé aláìsàn jáde, torí pé South Africa ni wọ́n ń gbé àìsàn tó bá kọjá agbára ọsibítù wọn lọ. Ẹ mú owó bébà pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì dání lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Déédéé ló jẹ́ pẹ̀lú owó tiwọn, wọ́n sì ń gbà á.

Bí ẹ bá wá rí ẹ́jẹ́ǹtì tó ní òun máa fi bàálù gbé yín lọ sí erékùṣù Tristan da Cunha, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń lọ láti Cape Town, bí ọ̀sẹ̀ kan sì ni lórí omi.