ẸNI TÓ Ń MÚ ỌMỌ LỌ: Ohun tí òfin wí, àti ohun tí àwa obìnrin ọjà lè béèrè

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n gàrí, kì í sì í ṣe ti owó àjọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni: àwọn tí wọ́n ń kó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ síbi tí a ò mọ̀, àti àwọn tí wọ́n ń kó wá fún wa láti ibòmíràn. Ẹni tí ojú ò bá ran ìwé mọ́, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, kó sì mú ìwé náà dání wá sí ìpàdé.

Tí a bá ní wọ́n ń fi ènìyàn ṣòwò, ọ̀pọ̀ nínú wa á rò pé gbọ́mọgbọ́mọ là ń sọ, ẹni tó ń ki ọmọ sínú àpò. Rárá o. Ẹni tó ń fi ènìyàn ṣòwò kì í sábà fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Yóò kí ìyá ọmọ dáadáa, yóò mú búrẹ́dì dání wá. Ìbátan ni nígbà mìíràn, tàbí "àǹtí" tó ti Èkó dé tí aṣọ rẹ̀ ń dán. Òfin wo nǹkan mẹ́ta: pé wọ́n gbé ènìyàn láti ibì kan tàbí wọ́n gbà á sọ́dọ̀, pé ẹ̀tàn, ìhàlẹ̀, tàbí àìní rẹ̀ ni wọ́n fi mú un, àti pé wọ́n fẹ́ máa jẹ èrè lára rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ò tiẹ̀ béèrè bóyá wọ́n tàn án. Bí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i, bí ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ, tó bá ti jẹ́ pé wọ́n fẹ́ jẹ èrè lára rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì ni.

Àwọn àgbà kan á ní, ṣebí ìwọ̀fà wà láyé àtijọ́? Ó wà lóòótọ́. Bàbá tó yá owó á fi ọmọ sọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ ọ̀nà ilé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lọ wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó, ó padà sílé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà, ìjọba òyìnbó ṣì gbẹ́sẹ̀ lé e nígbà tó yá. Ọmọ tí wọ́n wá gbé lọ sí Málì tàbí Ómàn, tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ta ni yóò lọ wò ó?

Ká má lọ jìnnà. Abẹ́òkúta tí a ń lọ ra àdìrẹ, níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n bá àwọn ọmọdé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti agbègbè Zakpota, nínú kòtò òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ń gbẹ́ òkúta, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń rù ú sínú ọkọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí à ń rà láti fi kọ́lé ni. Ní oṣù September ọdún náà, wọ́n dá ọmọ 116 padà sí ìlú wọn. Ní oṣù October, wọ́n tún dá 74 padà. Ẹni tó kó wọn wá kì í ṣe àjèjì sí àwọn òbí wọn. Ó mọ abúlé wọn, ó mọ ilé tí ebi ti ń pa wọ́n, ó sì ṣèlérí owó. Àwa tí a mọ bí alágbàtà ṣe ń wọ oko lọ ra ata kó tó pọ́n, ó yẹ kí òwò yẹn tètè yé wa. Àdéhùn wáyé láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Kútọnu ní oṣù June ọdún 2005. Síbẹ̀ ọmọdé ò tán nínú kòtò, torí pé ebi tó lé wọn jáde nílé ò kúrò ńlé.

Ibo ni òfin tiwa ti wá? Obìnrin ló fà á. Ìyáàfin Titi Abubakar, ọmọ bíbí Iléṣà, tó jẹ́ ìyàwó igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ti gbé ìlú Róòmù rí nígbà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ń dúró lẹ́bàá títì lóru. Lọ́dún 1999, ó dá ẹgbẹ́ WOTCLEF sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ àbá òfin, wọ́n gbé e lọ fún àwọn aṣòfin ní Àbújá. Wọn ò sọ pé ìjọba ló ni kó ronú kàn án. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ní oṣù July ọdún 2003 ni òfin náà di òfin, òun ló sì bí àjọ NAPTIP, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò àti láti tọ́jú àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2015. Lóòótọ́, ìyàwó igbákejì Ààrẹ lágbára ju oníṣòwò èlùbọ́ lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n aṣòfin tó ń ṣojú Afijio, ìbò ta ni wọ́n fi wọlé?

Ẹ̀yin ìyá, ibí ló ti kan àwa náà, ẹ má bínú. Òfin ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí tó gbé e wá, tàbí tó fi í háyà, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, ó lè tó ọdún 7. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kò ní "ẹni tó bá lu ọmọ ọ̀dọ̀." Ó ní ẹni tó bá gbà á. Ẹni tó mú un wá láti Ṣakí tàbí láti Bẹ̀nẹ̀, tó ń wá gba owó oṣù rẹ̀ lópin ọdún, ó jẹ̀bi. Àwa tí a san owó náà, a jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006, tún ní a ò gbọdọ̀ fi ọmọdé kiri ọjà ní títì ńlá àti ní ojú ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ńkọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi igbá ọsàn sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì?

A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Ṣé ọmọ mi ò wá gbọdọ̀ bá mi ṣẹ́ ọwọ́ ni?" Ó lè bá yín ṣe é. Òfin fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí, ti oko tàbí ti ilé. Ọmọ tó lọ síléèwé láàárọ̀, tó wá bá ìyá rẹ̀ to tòmátì nírọ̀lẹ́, òfin ò bá a wí. Ọmọ tí kò mọ ilẹ̀kùn iléèwé, tó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tó ń sùn kẹ́yìn wọn, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ìyẹn lòfin ń wí. Ojú wa mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọ̀ ò gbọdọ̀ kàn lé e jáde nítorí ẹ̀kọ́ yìí o; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó burú jù. Ẹ pe ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ ká lè jọ wá ọ̀nà tó fi máa padà sílé tàbí wọ iléèwé.

Ti òkè òkun wá ńkọ́? Ní oṣù April ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánọ́nì gbé obìnrin Nàìjíríà kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé sórí Facebook, níbi tí wọ́n ti ń polówó ọjà. Ó gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kọ iye owó rẹ̀: 1,000 dọ́là. Bí a ṣe ń kọ iye sórí páálí gàrí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pariwo, ìjọba dá sí i, wọ́n mú ọkùnrin náà, obìnrin náà sì padà délé ní oṣù May ọdún yẹn. Ìdí tí irú rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀gá ló dúró fún àlejò tó wá ṣiṣẹ́. Tí ó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ, òun ni ọlọ́pàá máa mú. Ajẹ́ntì ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá kí ọmọ tó gúnlẹ̀. Gbèsè tí ọmọ bá lọ́hùn-ún kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ nílé.

Ajẹ́ntì tó ń kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti Mínísírì Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ béèrè ìwé náà. Bí ó bá ní àwọn mọ ara àwọn, pé kí ẹ má dààmú, ẹ dààmú. Tó bá ní kí ọmọ lọ búra níwájú òrìṣà pé òun á san owó, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti mú búra náà ò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù títí ayé: ní ọjọ́ 9 oṣù March ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní kó àwọn onísẹ̀gùn jọ sí ààfin, ó tú gbogbo ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹni tó bá tún dán an wò bú. Ọba ni, kì í ṣe aṣòfin, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dé ibi tí ìwé òfin ò tíì dé.

Ó ku àwọn tó padà dé. Láti ọdún 2017 ni àjọ IOM ti ń fi bàálù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa padà láti Líbíà. Ọmọ tó bá ti Líbíà dé ò bá àpótí dé. Gbèsè ló bá dé, àti àìsàn nígbà mìíràn, àti ẹnu àwa ará ọjà. A ó ní, "Ṣebí Ítálì ló lọ?" A ó máa wo ikùn rẹ̀. Ẹnu yìí ló ń lé wọn padà sọ́wọ́ ajẹ́ntì. Òfin ní kí wọ́n má ṣe fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe, kí wọ́n má sì tú orúkọ rẹ̀ síta. Ó lè pe ẹni tó tà á lẹ́jọ́ kó gba owó ìtanràn. Àpò owó kan tilẹ̀ wà fún ìtọ́jú wọn, níbi tí dúkìá tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ènìyàn ń lọ. Àpò dára, ṣùgbọ́n Àbújá ló wà, Ìlọràá jìnnà sí i.

Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀bẹ̀ fi wà lórí tábìlì. A ó kọ ọ́ sí alága káńsù Afijio ní Jọbẹlẹ, a ó sì fún aṣòfin wa tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn ní ẹ̀dà kan. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú máa wá sí ọjà wa ní ọjọ́ kan pàtó lóṣù, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri, pẹ̀lú 627 tí í ṣe ti NAPTIP. Kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ya owó sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún fún àwọn tó padà dé, fún iléèwé, fún iṣẹ́ ọwọ́, fún owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò, ká má máa dúró de ti Àbújá. Kí àwọn onímọ́tò ní gáréèjì máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kó ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò jọ ọ́ wọkọ̀. A ó sì lọ sí ààfin lọ bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n bá wa bá àwọn onísẹ̀gùn sọ̀rọ̀, bí ti Bìní.

Kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìbéèrè wọ̀nyí wá sí ìpàdé. Ọmọ mélòó ló wà ní ìsọ̀ wa tí kì í ṣe tiwa, ta ló sì mú wọn wá? Ṣé ẹgbẹ́ lè fi ìsọ̀ kan sílẹ̀ láìgba owó ilẹ̀ fún oṣù 6 fún ẹni tó padà dé, kí ó sì wọ àjọ bí ẹnikẹ́ni láìsí pé a bi í ní ìbéèrè? Ta ni yóò tẹ̀ lé akọ̀wé lọ sí Jọbẹlẹ? Mẹ́rin là ń wá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ń gbóyà sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè fọwọ́ sí ìwé, tádàwà ìtẹ̀ka wà lọ́dọ̀ akọ̀wé.