Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtọrẹ: Yíyan Ẹgbẹ́ Tí Ń Tọ́jú Afẹ́fẹ́, Omi àti Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí jẹ́ ti owó àánú. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ nítorí ojú-ọjọ́ àti àyíká ń pọ̀ sí i, orúkọ wọn sì dùn létí. Ṣùgbọ́n owó tí òṣìṣẹ́ alẹ́ ní Ọgbà tàbí oníbúrẹ́dì ní Agége yọ nínú èrè rẹ̀ kì í ṣe owó tí a lè fi ta tẹ́tẹ́. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ń lọ, àti ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé. Oko kòkó àti obì ni Agége jẹ́ nígbà kan. Níbẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá gba ilẹ̀ ní Ìkẹjà, Ọgbà àti Orégùn. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ṣírò rẹ̀ pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ gé ẹ̀mí ènìyàn bí 11,200 kúrú ní Èkó ní ọdún 2018, àti pé nínú ènìyàn 10 tí ó kú bẹ́ẹ̀, bí 6 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Èéfín ọkọ̀, ti ilé-iṣẹ́ àti ti jẹnẹrétọ̀ ni ó kà sí olórí okùnfà rẹ̀, ó sì dárúkọ Ìkẹjà pẹ̀lú Àpápá, Ìdúmọ̀tà àti Odógunyàn nínú àwọn ibi tí ó ti le. Ní ọdún 2018 kan náà, ní oṣù kẹta, ni ààtàn Olúsosùn, tí kò jìnnà sí Orégùn, gbiná.

Bí ọ̀ràn ti rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin ni a fi lélẹ̀ fún ẹni tí ń fẹ́ tọrẹ.

Èkínní: ìnira ta ni ẹgbẹ́ yìí ń fẹ́ mú fúyẹ́? Ooru ayé jẹ́ ọ̀kan, èéfín àdúgbò sì jẹ́ òmíràn. Gáàsì tí ń mú ayé gbóná kò mọ ààlà; ìpín Nàìjíríà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè ńlá. Ṣùgbọ́n èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í rìn jìnnà kí ó tó pa ọmọ tí ó sùn ní yàrá kejì. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Giving Green, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ àwọn ẹgbẹ́ ojú-ọjọ́ wò, kí ó sì gbé orúkọ àwọn tí ó yege jáde. Àwọn tí ń rọ ìjọba láti tún òfin ṣe ni ó ń yìn jù, kì í ṣe àwọn agbingi. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára fún ooru ayé, ṣùgbọ́n kò wọn èéfín Ọgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: a nílò ẹgbẹ́ méjèèjì, kí a má sì fi ọ̀kan pe èkejì.

Èkejì: ẹgbẹ́ àánú ni tàbí òwò? Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ń gba ike àti agolo lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó sì ń san ẹ̀bùn fún wọn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ òwò ni. Pàǹtí tí a ti yà sọ́tọ̀ ni ó ń fẹ́ lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ọrẹ.

Ẹ̀kẹta: èso wo ni a lè rí? Bí ẹgbẹ́ kan bá ní òun gbin igi, ẹ má béèrè iye tí ó gbìn. Ẹ béèrè iye tí ó wà láàyè ní ọdún kẹta. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ní igbó kan ní Lẹ́kkí tí ẹnikẹ́ni lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òfin kì í hàn bí igi. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dájọ́ nínú ẹjọ́ Jonah Gbemre pé sísun gáàsì lófò lẹ́bàá ìlú lòdì sí ẹ̀tọ́ ènìyàn láti wà láàyè. Síbẹ̀ iná náà kò kú lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kí ó sì máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹ̀kẹrin: ìwé owó rẹ̀ ńkọ́? Òfin ọdún 2020 lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ fi dandan lé e pé kí ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àwọn alábòójútó máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fi ìṣirò owó ọdún tí ó kọjá hàn yín, ẹ kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì mú owó yín padà sílé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí kíláàsì yín yan ẹgbẹ́ méjì, kí wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí sí wọn, kí wọ́n sì gbé ìdáhùn wọn kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ìdáhùn kò bá wá, ìyẹn pàápàá ìdáhùn ni. Ẹ má sì gbàgbé jẹnẹrétọ̀ tí ń kù ní àgbàlá ìjọ: owó tí a fi ra iná oòrùn dípò rẹ̀ wà nínú ọrẹ yìí, èso rẹ̀ ni ó sì rọrùn jù láti kà. Ó sàn kí a yan ẹgbẹ́ kan tàbí méjì, kí a máa fún wọn lọ́dọọdún, kí a sì máa bi wọ́n léèrè lọ́dọọdún, ju kí a fọ́n owó ká fún gbogbo ẹni tí ó kànlẹ̀kùn, kí ọmọ tí ó wà ní yàrá kejì sì máa wúkọ́ síbẹ̀.