Igi Ìdáná àti Epo Inú Ilẹ̀

Àgbẹ̀ kan ní Òde Rẹ́mọ bi mí léèrè pé, bí epo bá ń sun nínú ilẹ̀ bí omi kànga, èé ṣe tí kẹrosíìnì fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí aya òun fi padà sí igi ìdáná? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀. Epo kì í sun bí omi. Òjò ọdọọdún ni ó ń dá omi kànga padà. Òun náà ni ó ń kún odò Ọya, tí ó ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Kàìnjì láti ọdún 1968. Ṣùgbọ́n epo tí a bá fà, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti dé inú ilẹ̀. Ní ìgbà láéláé, nígbà tí kò tí ì sí ènìyàn, àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ inú òkun, tí ojú lásán kò lè rí, ń kú, wọ́n sì ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú ewé àti pàǹtí tí odò gbé wá. Ẹrẹ̀ mìíràn gun orí wọn. Ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ooru inú ilẹ̀ sì sè wọ́n fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, títí wọ́n fi di epo, irú èyí tí a rí ní Oloibiri ní 1956. Ní ti èédú ilẹ̀ tí a rí ní Ẹnúgù ní 1909, tí ọkọ̀ ojú irin wa fi rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, igbó inú àbàtà tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ni.

Bí ó bá ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà pé òkun ti bo ilẹ̀ wa rí, kí ó lọ wo òkúta tí a ń wà fún sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù. Ìkarawun ẹ̀dá òkun wà nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún. Mo fi ọ̀kan han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ìgbín ni. Wọn kò jìnnà sí òtítọ́.

Àgbẹ̀ kò lè gbin epo, ṣùgbọ́n ó lè gbin igi. Síbẹ̀, bí a bá ń gé igi yára ju bí ó ti ń hù lọ, tí a sì ń sun kùkùté rẹ̀, òun pàápàá yóò tán bí epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ gún ẹ̀ka agúnmaníyè sí ààlà oko. Nígbà tí ó bá tó gé, ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí ojú gígé rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi má baà dúró sí i. Yóò tún hù. Ẹ sá igi náà kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi dáná, nítorí èéfín igi tútù a máa pọ̀, a sì máa ba ojú àti àyà àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́.