Ẹ Yé Wo Aṣọ Ọkọ̀, Ẹ Wo Egungun Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ í bá yín sọ, inú mi kò sì dùn rárá.

Lálẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́wàá ti lù, ọmọ àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Màmá, mo ti ra ọkọ̀ ojú irin kan ní gbàǹjo! Tich ni, LBSC ló ya àwòrán rẹ̀." Mo ní, ta ló sọ fún ọ pé Tich ni? Ó ní wọ́n kọ ọ́ sára idẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, ṣé o fi rúlà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀? Kò wọ̀n ọ́n. Ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti dán bọ́ílà rẹ̀ wò ńkọ́? Ó ní ẹni tó tà á ní ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn! Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ń san owó orí ìyàwó tán kó tó béèrè ilé tó ti wá?

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ: kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni, tó ń fi iná èédú se omi nínú bọ́ílà bàbà, tí ooru omi náà sì ń ti písítìn. Èyí tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 5 lè fa àgbàlagbà mélòó kan láìmí kanlẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń bá gbé níhìn-ín ń fi ìfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ bí ẹni fi ogún sílẹ̀, àwọn ọmọ tiwa náà sì ti ń rà á báyìí. Ó dùn mọ́ mi. Àìbéèrè yín ni kò dùn mọ́ mi.

Iléeṣẹ́ kọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọdún 1898 ni ìwé ìròyìn Model Engineer ti ń jáde, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀gá ti ń tẹ àwòrán ọkọ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wù yóò ra irin tí wọ́n ti dà sí mọ́ọ̀dù, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó di ọdún márùn-ún, ó di mẹ́wàá. Àwòrán kan ṣoṣo lè bí ọmọ rẹpẹtẹ kí ojú wọn má sì jọra. Bí ẹni tó kàn án bá kú, ẹlòmíì yóò rà á, yóò yọ èyí, yóò so tọ̀hún mọ́ ọn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin kọjá.

LBSC tí ọmọ mi ń pariwo orúkọ rẹ̀ yẹn, Curly Lawrence ni wọ́n ń pè é. Rélùwéè London, Brighton and South Coast tó bá ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ló mú lẹ́tà mẹ́rin yẹn nínú orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ayesha, ojú irin rẹ̀ kò ju íǹṣì 2½ lọ, òun ló fi han àwọn oníyèméjì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé ohun kékeré tó ń jẹ èédú lè fa ènìyàn. Ọdún 1967 ló kú. Tich ni ó ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: wíìlì mẹ́rin péré, ojú irin íǹṣì 3½. Ẹ gbọ́ o: òun fúnra rẹ̀ ló ya bọ́ílà méjì fún un, kékeré àti ńlá. Òun náà ló ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ lo fáàfù Walschaerts, kí ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ lo slip eccentric, èyí tí kò ní ọ̀pá ìyípadà: ọwọ́ lẹ máa fi tì í díẹ̀ kó tó gbà láti lọ sẹ́yìn. Nítorí náà bí ẹ bá rí Tich tí inú rẹ̀ yọ kọ́ńdọ́, ẹ má sáré ké pé wọ́n ti bà á jẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, fítà rélùwéè ni ní Èbúté Mẹ́ta kí a tó wá síhìn-ín. Àwọn ọkọ̀ ojú irin ńlá River class ló fi ọwọ́ rẹ̀ tún ṣe, wíìlì ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, odò ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, èédú Enugu ni wọ́n ń jẹ. Bó bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó rò pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ. Ojú irin Nàìjíríà ìgbà náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Bí ẹ bá fi íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, íǹṣì 3½ ló kù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8½, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ni wọ́n ń fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì tún ń bọ́ sí nǹkan bí 3½ náà. Ẹ rí i pé ọkọ̀ méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá lè dúró lórí irin kan.

Ohun tó fà á tí mo fi ń sọ ọ́: nígbà kan tí a lọ sí ìpéjọpọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ yìí, bàbá kan ń ta ọkọ̀ kan ní ẹ̀dínwó, ó ní ẹnìkan ti bà á jẹ́, ó sanra jù. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó yọ rúlà. Ó wọn wíìlì, ó wọn àlàfo láàárín wíìlì kan sí èkejì, ó wọn gíga ilé awakọ̀. Ó dìde, ó ní ẹnikẹ́ni ò bà á jẹ́, ọkọ̀ irú ojú irin tóóró tiwa ló jẹ́ láti ilẹ̀ wá. Ó rà á lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá: ọ̀dà, ṣímínì, táǹkì omi, orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sí idẹ, aṣọ ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ wọn lọ́sàn-án kan. Férémù, wíìlì, ibi tí wọ́n de sìlíńdà mọ́, egungun nìyẹn, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ní sùúrù láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dojú ọkọ̀ dé, ẹ tan iná sí abẹ́ rẹ̀. Ihò tí kò ní nǹkan nínú, bí etí tí wọ́n lu tí kò sí yẹtí nínú rẹ̀, ń sọ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí. Púpọ̀ ìgbà, pọ́ǹpù tí wíìlì ń yí ni. Ẹ wo skúrù. BA, ìwọ̀n skúrù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn àgbà ilẹ̀ yìí ń lò. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tó jẹ́ onímìlímítà láàárín ogún BA, ọwọ́ àjèjì ti dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Fáàfù náà ń sọ̀rọ̀: ọkọ̀ kékeré oníwíìlì mẹ́rin tó lo ti Hackworth lórí ojú irin íǹṣì 5, tí iná rẹ̀ ń jó nínú páìpù gbàǹgbà láàárín bọ́ílà róbótó, àwòrán tó ń jẹ́ Sweet Pea ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ Mamod kéékèèké tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1980 ńkọ́? Iléeṣẹ́ ló ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àwọn ènìyàn ń tún ṣe tó o. Sìlíńdà rẹ̀ máa ń mì síwá sẹ́yìn bí ọmọ tó ń tòògbé. Bí ẹ bá rí èyí tí sìlíńdà rẹ̀ dúró gbọin, wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn rẹ̀. Bí gáàsì bá ń jó níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa jó wóró ìdáná funfun, ẹ béèrè bóyá bọ́ílà náà gba irú iná bẹ́ẹ̀.

Èmi kò ní kí ẹ má ra èyí tí wọ́n tún ṣe. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti rí ọkọ̀ tí ọwọ́ kejì ṣe dáadáa ju ọwọ́ kìíní lọ. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ṣe. Kí ẹ sì má bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù nítorí pé kò bá àwòrán mu. Iṣẹ́ ènìyàn kan nìyẹn, ó fi alẹ́ rẹ̀ sí i.

Bọ́ílà nìkan ni mi ò gba ọ̀rọ̀ gbẹ̀fẹ́ lé lórí. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lára bàbà rẹ̀, kí nọ́ńbà náà wà nínú ìwé. Bọ́ílà tó ń ṣiṣẹ́ ní ipá ooru 80 psi, omi tútù ni wọ́n máa fi dán an wò dé 160 nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn 120. Omi tútù kì í bú gbàù bí ooru. Ẹ tún wo orí àwọn ọ̀pá tó di inú rẹ̀ mú: bí ẹ bá rí òjé eérú-eérú yí i ká dípò àmúlùmálà fàdákà, iṣẹ́ àtijọ́ ni, ẹ mú un lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A dojú rẹ̀ dé lórí tábìlì mi. Férémù, wíìlì, sìlíńdà: Tich ni lóòótọ́, oníbọ́ílà ńlá. Táǹkì tó gun bọ́ílà lẹ́yìn bí gàárì kì í ṣe tirẹ̀, ihò àwọn táǹkì ẹ̀gbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà bò wọ́n. Títí dé ibẹ̀, inú wa dùn. Ọjọ́rú ni ìwé dé. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ parí sí 7, èyí tó wà lára bàbà parí sí 2. Ìwé bọ́ílà ẹlòmíì ni.

Ó ń bẹ̀ mí báyìí pé kí òun dá iná díẹ̀ sí i, díẹ̀ péré, kí òun kàn gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ti yọ ilẹ̀kùn àpótí iná rẹ̀, ó wà nínú àpò mi, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹni tó ń dán bọ́ílà wò yóò fi fọwọ́ sí ìwé tuntun.